Rótọ̀ àti Kiráńkì: Ohun Tí Ó Wà Nínú Ìkòkò Dúdú Ẹ̀yìn Fíríìjì

Ọ̀rọ̀ irin ni wọ́n ní kí n wá sọ lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n inú ọjà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé nígbà tí irin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí bá bàjẹ́, ìyá ọlọ́jà ni ó kọ́kọ́ ń ké.

Ẹni tí ó bá mọ Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, ní àdúgbò ààfin Ẹ́míà, yóò jẹ́rìí mi pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni kì í bá oòrùn ṣe ọ̀rẹ́. Wàrà ń bẹ níbẹ̀, ẹran ń bẹ níbẹ̀, ẹja dídì ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi tútù inú ọ̀rá àti sóbò. Wákàtí ni a fi ń ka ọjọ́ orí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Láyé àwọn baba wa, àmù ni ó ń mú omi tutù, àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin sì mọ̀ ọ́n mọ dójú àmì. Omi a máa rin jáde lára amọ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń kó ooru inú omi tí ó kù lọ pẹ̀lú. Fíríìjì kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òun náà ń jẹ́ kí ohun olómi kan di gáàsì nínú páìpù tí ó wà nínú àpótí, kí ó lè kó ooru inú àpótí náà lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé omi ara àmù lọ, kò tún padà, a ó sì pọn òmíràn. Ṣùgbọ́n gáàsì fíríìjì kò gbọdọ̀ lọ. A ní láti kó o jọ, kí a fún un pọ̀, kí ó da ooru tí ó gbé sí ẹ̀yìn fíríìjì, kí ó tún di olómi, kí ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ń ṣe iṣẹ́ kíkójọ àti fífúnpọ̀ yìí ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Gbogbo yín ni ẹ ti rí i rí. Òun ni ìkòkò dúdú tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fíríìjì, tí ó ń kùn ṣáá, tí ó ń gbóná, tí a kò sì rí ìdérí tí a lè ṣí lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Lápá kan, ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì pọ̀ wà níbẹ̀: písítìnì kékeré tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú sìlíńdà, àti ọ̀pá irin tí ó tẹ̀ díẹ̀ ní ibì kan, tí à ń pè ní kiráńkì, tí ń ti písítìnì náà síwá sẹ́yìn bí ó ti ń yí. Lápá kejì, mọ́tò oníná wà níbẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò tí à ń wọ̀ lọ sí Ọ̀fà ni mo wí o. Ẹ̀rọ tí ń sọ iná mànàmáná di agbára yíyí ni. Apá méjì ni mọ́tò yìí ní. Èyí tí ó dúró gbọin, tí wáyà bàbà kún inú rẹ̀, ni sitétọ̀. Èyí tí ó wà láàárín rẹ̀ tí ń yí ni rótọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rótọ̀ yìí, nítorí ó yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Wáyà kankan kò wọ inú rẹ̀ láti ìta. Àwọn irin pẹlẹbẹ ni a tò léra wọn bí ewé ìwé, tí a lu ihò yí etí wọn ká, tí a sì da àlùmíníọ̀mù yíyọ́ sínú àwọn ihò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá lè yọ gbogbo irin náà kúrò kí ó ku àlùmíníọ̀mù nìkan, ohun tí yóò kù yóò jọ àgò tí ènìyàn lè fi sin ọ̀kẹ́rẹ́. Orúkọ tí àwọn Òyìnbó sì fún un náà nìyẹn, àgò ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tí iná bá wọ inú wáyà sitétọ̀, sitétọ̀ a di òòfà tí agbára rẹ̀ ń yí kiri, òòfà náà a sì máa fa rótọ̀ tẹ̀ lé ara rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú irú mọ́tò tí ó wọ́pọ̀ jù nínú fíríìjì, ìyẹn ni pé òòfà náà ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Rótọ̀ kì í lè bá a dọ́gba. A máa rẹ̀yìn díẹ̀, kí a wí pé bí ìgbà 2,900. Ẹ pín in sí ọgọ́ta, ẹ ó rí i pé písítìnì kékeré yẹn ń lọ ó sì ń bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 48 kí ènìyàn tó ṣẹ́jú dáadáa.

Ìbéèrè alẹ́ òní nìyí o: kí ni ó so rótọ̀ tí ń sáré bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀pá kiráńkì?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́jà, kí a lọ bá àwọn tí ń lọ ata. Ẹ̀rọ ìlọta ní púlì lára, bẹ́líìtì sì wà lórí púlì náà. Púlì kò lẹ̀ mọ́ ọ̀pá lásán. Wọ́n gbẹ́ ojú kan sára ọ̀pá, wọ́n gbẹ́ ojú kan sínú púlì, wọ́n sì ki irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kíì sáàárín méjèèjì, kí ọ̀kan má lè yí kí èkejì má yí. Wọ́n tún fi bóòtù há a. Ọ̀nà yìí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí gbogbo alọta mọ̀: lẹ́yìn oṣù mélòó kan, gbígbọ̀n ẹ̀rọ a dẹ bóòtù, kíì a bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ojú tí ó wà nínú rẹ̀, ìró kò-kò-kò a sì bẹ̀rẹ̀. Alọta kò ní dààmú. Yóò pa ẹ̀rọ, yóò mú sípánà, yóò tún un há. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìta gbangba ni púlì rẹ̀ wà.

Bí àwọn fíríìjì ti rí náà nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìta ni mọ́tò wà, ọ̀pá kiráńkì sì ń gba ihò kan jáde láti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ bá bẹ́líìtì. Ihò yẹn ni wàhálà ti wọlé. Kò sí bí a ti lè dí ihò tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀ tí gáàsì kò ní máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, gáàsì ìgbà náà kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà símú kí ó sùn kí ó sì jí. Ní ọdún 1926, ọ̀rọ̀ ìdílé kan ní ìlú Berlin tí gáàsì fíríìjì pa lójú oorun dun Albert Einstein àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Leo Szilard tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì jókòó láti wá fíríìjì tí kò ní ọ̀pá tí ń yí rárá. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fún wọn ní ìwé àṣẹ lórí ọ̀kan nínú rẹ̀ ní 1930. Ọ̀nà wọn kò gbilẹ̀. Èyí tí ó gbilẹ̀ ni èyí tí ilé iṣẹ́ General Electric gbé jáde ní 1927: wọ́n kó mọ́tò àti ẹ̀rọ ìfúngáàsì papọ̀ sínú ìkòkò irin kan ṣoṣo, wọ́n sì dí i pa. Ọ̀pá kò jáde mọ́. Wáyà iná nìkan ni ó ń wọlé. Láti ìgbà náà ni ìkòkò dúdú ti gba ayé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìpinnu yẹn bí. Bí ìkòkò bá ti di pípa, kò sí ẹni tí ó lè mú sípánà wọ ibẹ̀ lọ há bóòtù. Bí fíríìjì bá ń tan tí ó sì ń kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, ìgbà 72 ni rótọ̀ yóò ta gìrì fa kiráńkì lójúmọ́. Ní ọdún kan, ó lé ní 26,000 ìgbà. Èyíkéyìí tí a bá fi bóòtù kékeré há yóò dẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kéékèèké, kò sí bóòtù, kò sí kíì, kò sì sí ohun kan tí a fi lẹ̀ ẹ́. Irin ni ó di irin mú.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á lu ihò rótọ̀ kí ó kéré ju ọ̀pá lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀pá tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 20 ṣe àpẹẹrẹ, kí ihò rótọ̀ sì kéré jù ú lọ pẹ̀lú 0.03 mìlímítà. Ìwọ̀n yẹn kò tó ìnípọn irun orí kan, ṣùgbọ́n ó ti tó láti má jẹ́ kí ọwọ́ ènìyàn kankan lè ti ọ̀pá wọlé. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ooru mú rótọ̀ gbóná. Irin ń fẹ̀ bí ó bá gbóná: lórí mìlímítà kọ̀ọ̀kan, fún dìgírì Celsius kọ̀ọ̀kan, a máa fẹ̀ ní ìdá méjìlá nínú mílíọ̀nù kan. Bí a bá gbé rótọ̀ láti 30°C dé 280°C, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 250. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 250, kí ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá nínú mílíọ̀nù, 0.06 mìlímítà ni. Ihò tí ó kéré tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 0.03 ti wá fẹ̀ ju ọ̀pá lọ pẹ̀lú 0.03. Ọ̀pá tútù yóò wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí rótọ̀ bá wá ń tutù, yóò súnkì, yóò sì fún ọ̀pá mọ́ra bí ìgbà tí òrùka bá há sí ìka tí ó wú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Bọ́ọ̀lù irin àti òrùka tí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ìdánwò yín ni mò ń sọ. A ti fi han akẹ́kọ̀ọ́ títí pé bọ́ọ̀lù gbígbóná kò lè gba inú òrùka tútù kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i padà nígbà kan, kí ẹ mú òrùka ni ẹ fi síná, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi kíláàsì léèrè: ihò òrùka yìí, ṣé yóò fẹ̀ ni àbí yóò kéré? Púpọ̀ nínú wọn ni yóò dáhùn pé yóò kéré, nítorí pé irin wú, ó sì yẹ kí ó wú sínú ihò. Àṣìṣe tí ó lọ́gbọ́n nínú ni. Ọ̀nà tí mo fi ń tú u ni pé kí a ro ó bí ẹni gé òrùka náà, tí ó nà án gbọọrọ bí pàṣán. Bí pàṣán irin bá gbóná, gígùn rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Bí a bá tún ká a padà di òrùka, òrùka tí pàṣán gígùn bí yóò tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ihò rẹ̀ náà yóò sì tóbi. Ihò ń fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé irin kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè so rótọ̀ mọ́ kiráńkì láéláé.

Àwọn kan lè wí pé, ṣé alágbẹ̀dẹ ilé wa kò ti ń ṣe èyí tipẹ́? Wọ́n ń mú ìrù ọ̀bẹ pọ́n yòò nínú iná, wọ́n sì ń tì í wọ inú èèkù igi, bí ó bá ti tutù, ó di. Mo gbọ́ ọ, ó sì wù mí kí n gbà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n mìíràn nìyẹn. Níbẹ̀, irin gbígbóná ń jó ààyè fún ara rẹ̀ nínú igi ni. Irin gan-an tí ó súnkì lẹ́yìn náà kò di igi mú, ìrísí ihò tí ó jó ni ó dì í mú. Ẹ̀gbọ́n rótọ̀ tòótọ́ wà lórí ojú irin. Láti ọdún 1908 tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti dé Ìlọrin, irú ẹsẹ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé wa: òrùka irin líle tí a mú gbóná, tí a sọ sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ó fẹ̀, tí ó súnkì, tí kò sì bọ́ mọ́ títí ọkọ̀ fi dé Kánò. Síbẹ̀ alágbẹ̀dẹ wa mọ ohun kan tí akẹ́kọ̀ọ́ oníwèé kò mọ̀, n ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ni ó ń mú rótọ̀ gbóná, tí ó sì ń gbé e sórí ọ̀pá láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ọ̀tọ̀ ni ti ilé iṣẹ́ títúnṣe. Àwọn tí ń tún fíríìjì ṣe láàárín ìlú máa ń la ìkòkò náà bí wáyà sitétọ̀ bá jóná, wọn a yí wáyà tuntun sí i, wọn a sì tún un dí. Nígbà mìíràn, kiráńkì tàbí ibi tí ó ń yí nínú rẹ̀ ni ó jẹ, èyí sì sọ ọ́ di dandan kí a yọ rótọ̀ kúrò lórí ọ̀pá. Yíyọ kì í ṣòro púpọ̀. Dídá a padà ni iṣẹ́.

Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, níbi tí n kò ní dárúkọ, tí ó gbé rótọ̀ tútù lé orí ọ̀pá, tí ó fi pákó lé e, tí ó sì ń fi òòlù gbá a lọ sílẹ̀. Ó wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ yìn ín. Ẹ gbọ́ ohun tí òòlù náà ṣe. Ní àkọ́kọ́, ó ha inú ihò rótọ̀, ìwọ̀n tín-ín-rín tí a ní kí ó di ọ̀pá mú sì ti fá lọ. Ní èkejì, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò jọ bí ìwé lè ṣí létí. Èyí tí ó burú jù ni pé ọ̀pá náà lè tẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín rótọ̀ àti sitétọ̀ nínú mọ́tò kékeré kì í ju nǹkan bí 0.3 mìlímítà lọ. Bí ọ̀pá bá tẹ̀ díẹ̀ ju bí ojú ti lè rí, apá kan rótọ̀ yóò sún mọ́ sitétọ̀ ju apá kejì lọ, òòfà yóò fa apá tí ó sún mọ́ ọn jù, yóò sì tún sún mọ́ ọn sí i, títí tí irin yóò fi máa ha irin. Ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí a ti sanwó, ẹja yóò rà nínú fíríìjì, ìyá ọlọ́jà yóò sì ní àwọn atúnfíríìjìṣe ni olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́ ni kò fi ìdí iṣẹ́ hàn án.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó ṣe é? Kí ó tó ronú kan iná rárá, ó ní láti ti ọ̀pá kiráńkì bọ inú ilé rẹ̀, kí gbogbo wọ́ṣà rẹ̀ sì ti wà ní ààyè wọn, nítorí pé bí rótọ̀ bá ti jókòó, kò sí wọ́ṣà tí yóò tún kọjá. Kí ó nu òróró kúrò lára ọ̀pá àti inú ihò. Kí ó fi máíkírómítà wọn méjèèjì, kì í ṣe ojú. Kí ó gé pẹlẹbẹ kékeré kan tí yóò fi sábẹ́ rótọ̀, kí rótọ̀ lè dúró ní gíga tí ó yẹ, nítorí bí ó bá ga jù tàbí tí ó rẹlẹ̀ jù, òòfà sitétọ̀ yóò máa fà á wá sí àárín ní gbogbo ìgbà, ọ̀pá yóò sì máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ooru. Ibí yìí ni mo ní kí ẹ rántí alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo iná wẹ́dà, wọ́n sì ń retí kí rótọ̀ pọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé ó gbóná. Ewu ńlá ni. Àlùmíníọ̀mù inú rẹ̀ ń yọ́ ní 660°C, kì í sì í pọ́n kí ó tó yọ́ bí irin ti ń ṣe. Ojú rẹ̀ yóò funfun bẹ́ẹ̀, lójijì yóò di omi, àgò ọ̀kẹ́rẹ́ yóò já, rótọ̀ yóò sì di òkúta lásán. Alágbẹ̀dẹ kì í dúró de pípọ́n nígbà tí ó bá ń re ọ̀bẹ. Àwọ̀ ni ó ń wò. Ẹ mú irin kékeré kan, ẹ fá a kí ó dán, ẹ gbé e lé orí rótọ̀ bí ẹ ti ń mú un gbóná. Bí ó bá dé nǹkan bí 230°C, yóò ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Ní nǹkan bí 280°C, yóò di elése àlùkò. Ní 300°C, yóò di àwọ̀ aró. Bí ẹ bá ti rí elése àlùkò, ó tó. Ohun tí ó dára ju iná wẹ́dà lọ ni ààrò tí ooru rẹ̀ yí gbogbo ara rótọ̀ ká bákan náà, nítorí iná tí ó bá dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan yóò mú kí ihò fẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Ẹnì kan bi mí rí bóyá ààrò búrẹ́dì yóò ṣe é. Ooru rẹ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹni náà má jẹ́ kí n jẹ nínú búrẹ́dì ọjọ́ náà.

Àwọn mìíràn a máa fi ọ̀pá sínú yìnyín kí ó lè súnkì. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: láti 30°C sí òdo, ọ̀pá mìlímítà 20 kò ní súnkì ju 0.007 lọ. Ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ ni, kò lè dípò iná.

Bí rótọ̀ bá ti gbóná tó, kò sí àyè àròjinlẹ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ̀mú gbé e, ẹ mú un tọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí yóò fi kan pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀. Ọ̀pá tútù ń fa ooru rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n bá ti pàdé. Ẹni tí ó bá dúró lágbedeméjì láti wò ó bóyá ó tọ́, agbedeméjì náà ni yóò bá a títí. Ẹ má ṣe da omi sí i. Ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ tutù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwọn tí kò ní tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láyé wọn, ìyẹn àwọn ìyá wa ọlọ́jà. Ẹ ti mọ bí iná wa ti ń lọ tí ó ń dé. Bí iná bá lọ, tí ó sì dé lójú ẹsẹ̀, gáàsì tí a ti fún pọ̀ lápá kan kò tí ì rí àyè dọ́gba pẹ̀lú apá kejì. Písítìnì kò ní lè tì í. Mọ́tò yóò máa kùn láìyí, iná ńlá yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá, rótọ̀ yóò sì gbóná kíákíá nígbà tí ọ̀pá àárín rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi bọ̀ láti òkè ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: rótọ̀ gbígbóná lórí ọ̀pá tútù ń tú ọwọ́ ni. Nínú èyí tí a so dáadáa ní ilé iṣẹ́, ìdìmú tí ó kù yóò tó. Nínú èyí tí òòlù ti fá, ó lè má tó, rótọ̀ a sì yọ̀ lórí ọ̀pá. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ yọ fíríìjì kúrò lára iná, bí ó bá sì dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tàn án. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní ba ẹja jẹ́.

Wọ́n tún bi mí bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni máa la ìkòkò dúdú rárá. Èrò tèmi ni pé nínú fíríìjì ilé, lónìí, kò yẹ mọ́. Lẹ́yìn àdéhùn Montreal ti 1987, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa gáàsì R12 àtijọ́ tì, nítorí ohun tí ó ń ṣe fún òfuurufú tí ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ ni R600a, ọmọ ìyá gáàsì ìdáná ni, ó sì ń gbiná bákan náà. Ẹni tí ó bá fi iná wẹ́dà dojú kọ ìkòkò tí R600a ṣì wà nínú rẹ̀ ń tan ìṣáná sínú sìlíńdà gáàsì ni. Lẹ́bẹ́lì ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò sọ irú èyí tí ó wà níbẹ̀; kí a kà á kí a tó mú ohunkóhun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí a bá rí ògbólógbòó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí gáàsì ti tán nínú rẹ̀ pátápátá, kí a fi ayùn irin là á, kì í ṣe iná. N kò mọ ohun èlò ẹ̀kọ́ tí ó pọ́n ju èyí lọ: òòfà, ooru, ìṣirò, àti iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ju ti àlòkù irin lọ.

Bí a bá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, ẹ ki pẹlẹbẹ tín-ín-rín sí ọ̀nà mẹ́rin nínú àlàfo rótọ̀ àti sitétọ̀, ẹ há bóòtù sitétọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìkọjúsíra, kí ẹ tó yọ àwọn pẹlẹbẹ náà. Bí ó bá di ìgbà tí ẹ fẹ́ dán ìkòkò tí a dí wò bóyá ó ń jò, gáàsì náítírójìn ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi ọ́síjìn wẹ́dà dán an wò láé, nítorí ọ́síjìn tí ó wà lábẹ́ agbára àti òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè bú gbàmù láìsí iná kankan. Kí ẹ tó dí i rárá, ẹ fi ìka yí rótọ̀ ní àyíká kan, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Bí ẹ bá gbọ́ tí irin kan ha níbì kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ tún un tú.